Sheikh Muhammad Rifat: Ohùn Tí Wọ́n Fi Ṣí Rédíò Káírò

  

Kò sí ilé kan láàrin wa tí kò mọ ohùn Sheikh Abdul-Basit Abdus-Samad. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, bí a bá wọ ọkọ̀ alẹ́ láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin bọ̀, kì í pẹ́ tí awakọ̀ fi máa ń ti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, tí gbogbo èrò ọkọ̀ á sì dákẹ́. Àwọn ọmọ wa tí kò tíì gbọ́ èdè Lárúbáwá rárá mọ ibi tó ti máa ń fa èémí gùn. Ọdún 1951 ni Abdul-Basit bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì lórí rédíò Káírò, láti ibẹ̀ ni okìkí rẹ̀ sì ti kàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n kí òun tó dé ibẹ̀, ẹnìkan ti la ọ̀nà náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí rédíò ìjọba ilẹ̀ Íjíbítì, ìyẹn ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1934, ẹni náà ni wọ́n fi kéwú rẹ̀ ṣí i. Afọ́jú ni. Kékeré ni bàbá rẹ̀ ti kú. Orúkọ rẹ̀ ni Sheikh Muhammad Rifat. Ìtàn rẹ̀ ni a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó kan àwa ará àjò gidigidi. Bí a bá parí ìtàn, a ó sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ tí etí rẹ̀ jẹ́ wàláà

Ìlú Káírò ni wọ́n bí Muhammad Rifat sí, ní àdúgbò àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Al-Mugharbilin, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1882. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Íjíbítì tí wọ́n sì gba àkóso ilẹ̀ náà. Ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún méjì lọ tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, bí ojú náà sì ṣe fọ́ nìyẹn. Kò tún rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ títí ó fi fi ayé sílẹ̀.

Ní Íjíbítì ayé ìgbà náà, bí òbí bá ní ọmọ tí kò ríran, ilé kéwú ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ. Ìdí ni pé ẹni tó bá há Kùránì sórí kò ní í tọrọ jẹ, ọlá rẹ̀ kò sì ní í kéré láàrin àwùjọ. Bàbá Muhammad mú un lọ sí ilé kéwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí Fadil Pasha, ní agbègbè Sayyida Zaynab. Gbogbo àwa tí a lọ ilé kéwú mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí. Ọmọ tó ríran á kọ ọ́ sí wàláà, á kà á, á fọ̀ ọ́, á sì tún òmíràn kọ. Ọmọ afọ́jú kò ní wàláà. Etí rẹ̀ ni wàláà rẹ̀, ohun tí a bá sì kọ sí etí ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í tètè parẹ́. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti há gbogbo Kùránì sórí.

Ìgbà náà ni ikú wọlé dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹrù tó yẹ kí àgbà gbé já lé ọmọdé lórí. Ìyá rẹ̀ àti àwọn tó wà nínú ilé kò ní ẹlòmíràn tí wọn yóò máa wò. Kéwú tó kọ́ náà ni ó fi ń wá oúnjẹ. Wọ́n á pè é síbi òkú, wọ́n á pè é síbi ìnáwó, á ké Kùránì, ohun tí wọ́n bá sì fún un ni á mú relé fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi í ṣe ẹni tí yóò máa ké Kùránì ní mọ́sálásí Fadil Pasha, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ kéwú. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Okìkí rẹ̀ ń kàn, àwọn ọlọ́lá ń pè é sí ilé wọn lóru oṣù ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi mọ́sálásí àdúgbò náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ènìyàn á ti òkèèrè wá kírun níbẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Mọ́sálásí á kún, àwọn mìíràn á tẹ́ ẹní sí ojú títì.

Kò dá lórí ohùn dídùn nìkan. Ó kọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà kíké Kùránì tí àwọn onímọ̀ fi ọwọ́ sí, ó kọ́ ìtumọ̀ Kùránì, ó sì tún mọ àwọn ọ̀nà ohùn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n olórin Lárúbáwá ń lò. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ariwo. Bó bá dé ibi tí Ọlọ́hun ti ń ṣèlérí àánú, ohùn náà á rọ̀. Bó bá dé ibi ìkìlọ̀, ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá pàápàá á mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Àwọn ará Íjíbítì fún un ní orúkọ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ dùùrù ọ̀run.

Ìbéèrè kan kí ó tó gbà

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ọ̀rọ̀ rédíò, ẹ̀rọ tí àwọn bàbá wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kí ó tó di ọdún 1934, àwọn aládàáni ló ń ṣe rédíò ní Káírò. Ilé kékeré ni àwọn mìíràn ti ń ṣe é. Wọ́n á kọrin, wọ́n á polówó ọjà, nígbà mìíràn wọ́n á sì máa bú ara wọn lórí afẹ́fẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1934, ìjọba ní kí gbogbo wọn palẹ̀ mọ́. Ìjọba bá iléeṣẹ́ Marconi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa bójú tó rédíò kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Wọ́n fẹ́ kí Kùránì ṣáájú ohun gbogbo ní ọjọ́ ìṣílé. Ọ̀dọ̀ Sheikh Rifat ni wọ́n wá. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún nígbà náà, kò sì sí ẹni tó tún ń wá ìmọ̀ràn lórí ẹni tó yẹ.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Sheikh Rifat kò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní mọ́sálásí, ẹni tó bá ń gbọ́ Kùránì ti ṣe àlùwàlá, ó jókòó, ó dákẹ́. Ta ni yóò mọ ẹni tó ń gbọ́ èyí tó bá ń ti inú àpótí jáde? Ó lè jẹ́ ilé ọtí ni wọ́n gbé rédíò náà sí. Ó lè jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ta tẹ́tẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun á wá máa lọ lórí wọn bí ariwo ọjà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí òun fi ẹnu òun gbé Kùránì lọ sí irú ibẹ̀? Ọ̀rọ̀ tuntun ni, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ tuntun.

Nítorí náà, ó tọ àwọn tó mọ̀ jù ú lọ. Ó bi Sheikh Muhammad Al-Ahmadi Al-Zawahiri, tó jẹ́ olórí Al-Azhar ní ìgbà náà, bóyá òfin ẹ̀sìn fàyè gba ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Èsì tó gbà ni pé ó tọ́. Ìgbà tó gbọ́ èyí ni ó tó gbéra.

A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa fi ọkàn sí ibí yìí. A rántí pé nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́kọ́ wọ mọ́sálásí, awuyewuye kò ṣàì wà. Àwọn kan ní kò yẹ, àwọn kan ní òun ni ọ̀làjú. Sheikh Rifat fi ọ̀nà kẹta hàn wá. Kò bẹ̀rù ohun tuntun títí tí ó fi sá fún un, kò sì sáré sí i nítorí òkìkí. Ó béèrè. Ohùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, àmáánà ló kà á sí, ẹni tí a bá sì fi àmáánà síkàáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe é bó ṣe wù ú.

Ohùn inú àpótí

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1934, Sheikh Rifat jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó sì ké láti inú Súrà Al-Fat'h. Ìtumọ̀ orúkọ súrà náà ni ìṣẹ́gun, ó sì tún jẹ́ ṣíṣí. Kò sí èyí tó lè bá ọjọ́ náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan náà ni Umm Kulthum, olórin obìnrin tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀, kọrin lórí rédíò ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Kùránì ló ṣáájú, ohùn Rifat ló sì gbé e wọlé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ké Kùránì lórí rédíò Káírò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Rédíò kì í ṣe ohun tí tálákà lè rà nígbà náà. Ilé ọlọ́lá tàbí ilé ìmukọfí ló máa ń wà, tí àwọn ará àdúgbò á sì pé yí i ká. Ẹ má gbàgbé pé kò sí ọ̀rọ̀ pé à ń gbà á sílẹ̀ kí á tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu ni ó ń dé etí olùgbọ́. Bó bá ṣìṣe, gbogbo ìlú gbọ́. Bó bá sì parí, ó ti lọ nìyẹn, bí omi tó ti ṣàn kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ohun tó ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ kò ṣàì ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣọ́ gbogbo àpótí rédíò. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin tí kì í lọ mọ́sálásí gbọ́ ọ nínú ilé wọn. Aláìsàn gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Íjíbítì pàápàá wà lára àwọn tó fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Ọmọ afọ́jú tí kò rí ìlú Káírò rí, gbogbo ìlú Káírò wá ń gbọ́ ọ. Nílẹ̀ tiwa níhìn-ín, oṣù kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ inú ilé ní Èkó. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí à ń wí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ni.

Ní ọdún 1938, BBC ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò ní èdè Lárúbáwá. Àwọn náà wá bẹ Sheikh Rifat pé kí ó ké Kùránì fún àwọn. Ẹ̀rù tún bà á, nítorí ilẹ̀ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni ohùn náà ń lọ. Ó tún ṣe bó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ó lọ bi Sheikh Muhammad Mustafa Al-Maraghi, tó ti di olórí Al-Azhar nígbà náà. Èsì tó gbà ni pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ó sì ké Súrà Maryam fún wọn.

Nígbà tí ohùn dákẹ́

Ní nǹkan bí ọdún 1943, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀. Òsúkè lásán ló kọ́kọ́ jọ. Bó bá ń ké Kùránì lọ, òsúkè á dá a dúró. Á sinmi díẹ̀, á tún gbìyànjú, òsúkè á tún dé. Ọ̀nà ọ̀fun ni àrùn náà wà, kò sì sí oògùn tó ràn án. Ẹni tó ti ń fi ọ̀fun jẹun láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀fun ọ̀hún ni àìsàn mú. Kò lè lọ sí rédíò mọ́. Kò lè ké Kùránì ní mọ́sálásí tó ti ń ké e láti èwe mọ́.

Nǹkan bí ọdún méje ni ó fi wà báyìí. Ìtọ́jú ń náni lówó, iṣẹ́ sì ti dúró. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́, ìwé ìròyìn kan ní Káírò pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n dá owó jọ fún un. Owó wọlé, owó tó pọ̀. Sheikh Rifat dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò gba owó náà. Ó ní ohun tí òun ní tó òun, àti pé kò yẹ kí wọ́n máa fi igbá tọrọ owó kiri nítorí ẹni tó gbé Kùránì sáyà.

Àwa kò sọ pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá má gba ìrànlọ́wọ́. Ẹgbẹ́ wa yìí náà a máa dá owó fún aláìsàn, ẹ̀sìn wa ló sì ní kí á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè kí ó tó lọ sí rédíò, òun náà ni kò gba owó yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Kò fẹ́ kí ohunkóhun rẹ iyì Kùránì sílẹ̀ láti ọwọ́ òun.

Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1950. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ọjọ́ àti oṣù tí wọ́n bí i náà ni Ọlọ́hun mú un lọ. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀

A ti sọ pé bó ṣe ń ké e ni ó ń lọ sáfẹ́fẹ́, tí kì í sì í dúró. Báwo ni a ṣe wá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí? Ẹnìkan ni a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ọ̀tọ̀kùlú kan wà ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Zakaria Muhran Pasha. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ rédíò. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó kàn fẹ́ràn ohùn Sheikh Rifat ni. Ó ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí àwo nínú ilé rẹ̀, bí Sheikh bá sì wà lórí rédíò, á gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ohùn náà dákẹ́, àwọn àwo inú ilé rẹ̀ di ìṣúra. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti dé iléeṣẹ́ rédíò, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́kù.

Ẹni tó bá gbọ́ wọn á mọ̀. Wọn kò mọ́lẹ̀ bíi ti Abdul-Basit. Ariwo wà nínú wọn, bí ìgbà tí ènìyàn ń yan àgbàdo. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ariwo náà, ohùn wà níbẹ̀. Ní Íjíbítì títí di òní, bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ nínú oṣù ààwẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti tẹ́ oúnjẹ ìṣínu sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró, ohùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń retí. Ẹni tó kú ní 1950 ló ń pe àwọn ọmọ ọmọ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ sí ìrun Mọ̀ngàríbì.

Àwọn tó tẹ̀lé e lórí rédíò Káírò kò kéré. Sheikh Abdul-Fattah Al-Sha'sha'i wà níbẹ̀, Sheikh Mustafa Ismail wà níbẹ̀, Abdul-Basit náà sì dé. Ní ọdún 1961, Sheikh Mahmud Khalil Al-Husary ké gbogbo Kùránì pátá, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1964, wọ́n dá rédíò mìíràn sílẹ̀ ní Káírò tó jẹ́ ti Kùránì nìkan. Gbogbo èyí, ẹnu ọ̀nà tí afọ́jú náà ṣí ni wọ́n gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó kan wa

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti dé ibi tí à ń lọ. Ẹ wo ìlú tí a wà yìí. Ládàánì wa àkọ́kọ́, bàbá tó ń pe ìrun kí mọ́sálásí wa tó ní iná mànàmáná, ó ti lọ. Àwọn tó gbọ́ ọ sọ pé bó bá pe ìrun Àsùbáà, a máa gbọ́ ọ dé ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin. A ní fọ́tò rẹ̀, a kò ní ohùn rẹ̀. Àlùfáà àgbà tó ń túmọ̀ Kùránì fún wa ní èdè Yorùbá lóṣooṣù ààwẹ̀ ti lọ. Fọ́tò rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Àwọn ìyá wa tó ń kọ wákà níbi wòlímọ̀, tó jẹ́ pé orin wọn ni wọ́n fi ń ròyìn bí a ṣe dé ìlú yìí àti orúkọ àwọn tó ṣáájú, wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ wa ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ. A kò bínú sí i, ilẹ̀ tó gbà wá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ bí bàbá bàbá wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́la, ibo ni wọn yóò ti gbọ́ ọ?

Zakaria Muhran nílò ẹ̀rọ ńlá tí ọlọ́lá nìkan lè rà. Lónìí, fóònù tó wà nínú àpò ọmọ wa tó kéré jù lè ṣe é. Nítorí náà, a bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan: kí oṣù ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ẹ jókòó ti àgbà kan nínú ilé yín, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí kéwú ni, bí wákà ni, bí oríkì ni, bí ìtàn bí ó ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí ni, ẹ gbà á. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ o. Bó bá ní òun fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìmáàmù kí òun tó gbà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Sheikh Rifat náà béèrè. Bó bá sì gbà tán, ẹ má fi tà.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn àgbà wa sí fún wa. Kí ó ṣàánú àwọn tó ti lọ. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ohùn wọn parẹ́ lẹ́yìn wọn. Àmín.